Kí La San Owó Rẹ̀ Gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń fà bí okùn ní yàrá wa, pàápàá láti ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ṣóò bá kún Èkó bí tòmátì ṣe ń kún ọjà Mile 12. Ẹnì kan á lọ sí òde eré, á padà dé láàárọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Wọ́n já mi kulẹ̀." Bí a bá ní kó ṣàlàyé, á ní ẹ̀rọ ò dún dáadáa. Ẹlòmíràn á ní olórin pẹ́ kó tó dé. Ẹlòmíràn á ní orin mẹ́ta péré ló kọ tó fi bá tirẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á ní síídì ló kàn tẹ̀, tó wá ń la ẹnu lásán. Owó ń dun gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fetí sí wọn dáadáa, ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ò dọ́gba. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ẹni tó sanwó wọ òde eré, kí ló rà gan-an? Àfi ká mọ ohun tó rà ká tó lè mọ ohun tí wọ́n fi dù ú, àti ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹnì kan lè yára dáhùn pé orin ló rà. Mi ò gbà. Orin wà nílé. Láyé àwọn bàbá wa, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù wà. Láyé àwọn ẹ̀gbọ́n wa, kásẹ́ẹ̀tì àti síídì ń bẹ nílẹ̀ rẹrẹ ní Aláàbà. Lónìí, fóònù ti kó gbogbo ẹ̀ sápò. Orin inú fóònù sì mọ́ ju ti orí ìtàgé lọ, ẹnikẹ́ni kì í fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ níhà bí o ṣe ń gbọ́ ọ, o sì lè dá a dúró kí o lọ jẹun, kí o padà wá bá a níbi tí o fi í sí. Bó bá jẹ́ orin nìkan la ń wá, a jẹ́ pé orí ẹni tó kúrò ní Alápẹ̀rẹ̀ yìí ò pé, tó wọ ọkọ̀ kọjá Ògúdù àti Òwòrònṣòkí, tó gun afárá Third Mainland tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12, tó wá lọ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró fún wákàtí mẹ́fà ní Victoria Island. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé orí onítọ̀hún pé. Nǹkan kan wà tó ń wá tí fóònù ò lè fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀rọ, torí òun la máa ń kọ́kọ́ rò. Ní 24 oṣù Kìn-ín-ní, 1975, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Keith Jarrett fẹ́ tẹ dùùrù ní gbọ̀ngàn eré tó wà ní ìlú Köln ní Jámánì. Dùùrù tó béèrè fún kọ́ ni wọ́n gbé síbẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ kéré, ohùn òkè rẹ̀ ń dún bí agolo, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò lágbára, ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ pàápàá ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ọkùnrin yìí kọ́kọ́ fárígá. Àwọn èèyàn bí 1,400 sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọdébìnrin tí ò tíì pé ogún ọdún ló ṣètò eré náà. Nígbẹ̀yìn, ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Ó yẹra fún ibi tí dùùrù náà ti ń dún bàjẹ́, ó dúró sí àárín, ó fi ọwọ́ òsì lù ú kíkankíkan kí ohùn ìsàlẹ̀ lè dé etí èrò. Kò kọ orin kankan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń hun gbogbo ẹ̀. Àwo tí wọ́n gbé jáde láti ara eré alẹ́ ọjọ́ yẹn wà lára àwo dùùrù àdátẹ̀ tó tà jù láyé.

Kò dìgbà tí ẹ bá lọ sí Jámánì kí ẹ tó rí irú ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Alápẹ̀rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n dí òpópónà, wọ́n to àga oníke, wọ́n háyà spíkà. Ọmọ fújì kan láti Kétu ló ń ṣeré fún wa. Orin ti ń wọra nígbà tí gẹnẹ́rétọ̀ kú. Máíkì kú, gílóòbù kú, gbogbo ibẹ̀ ṣú. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìlù ò lo epo? Ọmọ náà gbé máíkì kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí pákó, ó wọ àárín èrò, ó ní ká máa pàtẹ́wọ́. Ó ń lé, à ń gbè. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja díndín gbé àtùpà wá síwájú. Nígbà tí gẹnẹ́rétọ̀ padà tan, àwọn kan ló pariwo pé, "Ẹ pa á jàre!"

Mi ò sọ pé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ dára o. Ẹni tó gbowó gọbọi tó wá lọ háyà spíkà tó ti ya lẹ́nu ní ẹjọ́ í jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rọ lè bàjẹ́ kí eré má bàjẹ́. Ẹ̀rọ sì lè dún bí agogo kí gbogbo wa padà sílé bí ẹni tó lọ kí òkú tí wọn ò jẹ́ kó wọlé. Nítorí náà, abẹ́ ẹ̀rọ kọ́ ni gbòǹgbò ìjákulẹ̀ wà.

Ẹjọ́ kejì ni ti pípẹ́. Ẹ wo àwọn ajísààrì. Nínú oṣù Ààwẹ̀, wọ́n á máa lùlù kiri àdúgbò lóru kí àwọn Mùsùlùmí lè jí jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú orin wéré tí wọ́n ń kọ yẹn ni fújì ti jáde, ìdí ẹ̀ náà sì ni Alhaji Síkírù Àyìndé Barrister, tó kú ní 2010, ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Ẹ wá rò ó wò. Bí ajísààrì kan bá ní ohùn bíi fèrè, tó mọ̀ ọ́n lé, tó mọ̀ ọ́n lù, ṣùgbọ́n tó dé àdúgbò lẹ́yìn tí ladáànì ti pe ìrun àárọ̀, kí ló ṣe? Ariwo ló pa. Orin rẹ̀ lè dùn ju ti àná lọ, síbẹ̀ ebi ló fi pa àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n pípẹ́ náà ní bó ṣe rí. Ní Shrine rẹ̀ tó wà ní òpópónà Pepple ní Ìkẹjà, ọ̀gànjọ́ òru ni Fẹlá sábà máa ń jáde, á sì ṣeré títí di ìdájí. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ mọ̀ láti ilé pé eré àṣemọ́jú ni. Ìgbà tí eré bá tú, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń pèrò. Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní, 2023, nígbà tí Burna Boy ní ṣóò ní Eko Energy City ní Victoria Island. Aago mẹ́ta òru ti kọjá kó tó gun orí ìtàgé. Inú bí èrò tó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n hó lé e lórí. Bí ẹ bá wo aago nìkan, Fẹlá àti Burna Boy ò yàtọ̀ síra: òru ni àwọn méjèèjì jáde. Ohun tó yàtọ̀ ni àdéhùn. Ní Shrine, olórin àti èrò jọ mọ̀ bí òru náà ṣe máa rí. Ní ti Victoria Island, ẹnì kan ló mú òru àwọn ẹlòmíràn láìbéèrè.

Ta sì ni pípẹ́ yìí ń pa jù? Kì í ṣe ẹni tó gbé mọ́tò tirẹ̀ wá, tí dírẹ́bà ń sùn dè é níta. Ọmọ Alápẹ̀rẹ̀ tó fojú sí ọkọ̀ Ọbáléńdé aago mọ́kànlá alẹ́ ni. Nígbà tí olórin bá jáde ní aago mẹ́ta, ọmọ yẹn ti pín ara rẹ̀ sí méjì: ojú ń wo ìtàgé, ọkàn ń ro ibi tí yóò sùn, ẹni tó máa ṣí géètì, àti àwọn tó ń dúró de èèyàn lábẹ́ afárá. Obìnrin ni ẹ wá ní kó jẹ́, ẹ̀rù ìlọ́po méjì ni. Kò sí ẹni tó lè gbádùn orin báyìí, bó ti wù kí orin náà dùn tó.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ẹjọ́ kẹta, ẹjọ́ síídì. Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn Milli Vanilli, àwọn ọkùnrin méjì tí orúkọ wọn tàn láti Jámánì dé Amẹ́ríkà. Ní oṣù Keje, 1989, níbi eré kan ní Connecticut, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ há, ó ń tún gbólóhùn kan ṣoṣo pè léraléra, ọ̀kan nínú wọn sì sá kúrò lórí ìtàgé. Ní oṣù Kọkànlá, 1990, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ Grammy tí wọ́n fún wọn padà, nígbà tí àṣírí tú pé ohùn wọn kọ́ ló wà nínú àwo rárá. Gbogbo ayé gbà pé olè ni wọ́n jà.

Ṣùgbọ́n àwọn olórin tiwa lè bi wá pé, "Ohùn tèmi ni mo tẹ̀, mi ò jí ti ẹnikẹ́ni. Kí lẹ̀ṣẹ̀ mi?" Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ ká fẹ́ ẹ dànù. Nínú orin Yorùbá, ẹnì kan ń lé, àwọn yòókù ń gbè. Bí ẹni tó ń lé bá dákẹ́ díẹ̀, elégbè á dúró dè é. Bí ègbè bá lọ́ra, ẹni tó ń lé á tún un pè, á fi ọ̀rọ̀ àwàdà kan sí i, á jí wọn. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn ni. Síídì ò létí. Bí o gbè, bí o ò gbè, ọ̀nà rẹ̀ ló ń bá lọ.

Mo wà ní gbọ̀ngàn kan lọ́dún kan, olórin tó tẹ síídì lọ́jọ́ náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ooru mú, èrò pọ̀ ju ibẹ̀ lọ, ọmọbìnrin kan dákú níwájú. Wọ́n gbé e sókè lórí ọwọ́, wọ́n gbé e kọjá níwájú olórin náà gan-an. Síídì ń lọ. Olórin ń la ẹnu, ó ń pa dé, ó ń tọ́ka sí òkè àjà. Ọmọbìnrin náà jí níta nígbà tí wọ́n da omi sí i lórí, a dúpẹ́. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni ìdánwò kan tí mo fi ń wọn gbogbo òde eré láti ìgbà náà: bí a bá kó gbogbo èrò kúrò níbẹ̀, ṣé nǹkan kan máa yí padà nínú ohun tí ẹni orí ìtàgé ń ṣe? Bí kò bá ní yí padà, a ò sí níbẹ̀ nìyẹn, bó ti wù ká pọ̀ tó. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Orin tí kò wo ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ, ó kù síbì kan.

Ohun tí mo rò pé a ń rà nìyí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi: kí wọ́n kà wá sí. Tíkẹ́ẹ̀tì ń sọ fún olórin pé èèyàn kan fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ. Ìpàdé sì ni, èèyàn méjì ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ò ní kí olórin má kà wá sí. Pípẹ́ tí a ò bá a mọ̀ sí, síídì tí ò létí, orin mẹ́ta tí wọ́n kọ bí ẹni ń lé eṣinṣin, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ sí wa létí: bí ẹ wà níbẹ̀, bí ẹ ò sí níbẹ̀, kò kàn mí.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ta kò mí nígbà tí mo sọ èyí. Ó ní bó bá jẹ́ ti kíka èèyàn sí ni, ṣebí òde àríyá ló dára jù. Olórin jùjú tàbí fújì á wo ojú rẹ, á béèrè orúkọ rẹ lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o tó ṣẹ́jú, o ti wà nínú orin, ìwọ àti bàbá tó bí ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń rí? Ẹni tó ń náwó ni. Ìyá tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn kánópì láti ìdájí ò ní gbọ́ orúkọ tirẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òfin Central Bank ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà mọ́ èèyàn lórí lóde lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000. Nítorí iyì owó Nàìjíríà ni wọ́n ṣe ṣe òfin yẹn, kì í ṣe nítorí ìyá tó ń fọ abọ́. Àwọn ṣóò ńláńlá Èkó náà ti wá kọ́ ọ: tábìlì tó wà níwájú ń lọ ní mílíọ̀nù náírà, àwa tí a san owó kékeré wà lẹ́yìn irin, olórin ń bá àwọn tó jókòó ṣeré.

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, ibi tí mo bá a dé ni pé a ní láti ya rírí sọ́tọ̀ kúrò lára kíkà sí. Olórin ò lè rí gbogbo èèyàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ò lè gbọ́ orúkọ wọn lóru kan. Owó lè ra rírí, kó sì rà á tán pátápátá. Ṣùgbọ́n kíkà sí jẹ́ ti gbogbo ẹni tó wọlé, láìka iye tó san. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó kéré jù ní ẹ̀tọ́ sí òótọ́ nípa aago, sí omi tó lè mu, sí ilẹ̀kùn tó lè gbà jáde bí nǹkan bá ṣe, àti sí orin tí ẹni tó ń kọ ọ́ ń fi ara àti ọkàn rẹ̀ kọ. Gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ò kéré sí èyí tí wọ́n jẹ onítábìlì. Owó onítábìlì wulẹ̀ ra àga ni.

Ibò míì tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí lè ṣì wá lọ́nà. Bí wọ́n bá ní láti kà wá sí, ṣé dandan ni kí wọ́n ṣe ohun tí a bá fẹ́? Fẹlá fún wa lésì. Ó jẹ́ ìṣe rẹ̀ pé orin tó bá ti gbé jáde sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ mọ́ lórí ìtàgé. Àwọn àlejò a máa wá láti ìlú òkèèrè, tí wọ́n ti mọ àwo rẹ̀ lórí, kí wọ́n wá bá orin tuntun tí wọn ò gbọ́ rí. Àwọn kan pè é ní ìjákulẹ̀. Ojú tí mo fi wò ó ni pé inú Shrine yẹn ló ti ń dán orin tuntun wò lójú èrò, tó ń tún un ṣe kó tó gbé e lọ sí ilé ìgbàsílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á tún dá orin dúró, á bá àwọn tó wá ṣe yábìs, wọ́n á jọ máa fèsì síra wọn. Kò fún wọn ní ohun tí wọ́n bèèrè, ṣùgbọ́n ó fi wọ́n ṣe alájọṣe. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àìgbọ́ràn àti àìkani-sí. Olórin kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ wa. Ó lè sọ fún wa pé rárá, kó ṣáà kọjú sí wa sọ ọ́.

Bí olórin ò bá wá rárá ńkọ́? Ní 10 oṣù Kejìlá, 2022, èrò ń dúró de Wizkid ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Accra. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò rí i. Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun ti múra, ṣùgbọ́n ètò tó wà nílẹ̀ ní ìṣòro, ààbò àwọn èèyàn ò sì dájú. Ẹ jẹ́ ká gbà pé òótọ́ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣe dáadáa tí kò gun orí ìtàgé, torí ẹ̀mí ju orin lọ. Síbẹ̀, gbèsè kan ṣẹ́ kù: ẹni tó mọ̀ ní òru pé eré ò ní wáyé, kí ló dé tí ẹni tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ fi ní láti gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì? Nínú ètò bẹ́ẹ̀, olórin wà, alágbàtà wà, ẹni tó háyà pápá wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì mọ ẹni tí yóò nàka sí. Èrò nìkan ni kò mọ ẹni tó yẹ kó bi.

Ẹ wo bí ẹlòmíràn ṣe san irú gbèsè yẹn. Ní alẹ́ òmìnira Zimbabwe, 17 oṣù Kẹrin, 1980, Bob Marley ń ṣeré ní pápá ìṣeré Rufaro. Àwọn àlejò pàtàkì ló wà nínú, àwọn ará ìlú tó ja ogun òmìnira ń gbọ́ ọ láti ìta. Wọ́n ti ara wọn wọlé, ọlọ́pàá yin tájútájú, èéfín náà dé orí ìtàgé, eré dúró. Marley padà jáde, ó parí eré náà. Kò tán síbẹ̀. Ó tún ṣe òmíràn lẹ́yìn ìyẹn ní ibẹ̀ kan náà fún àwọn ará ìlú tí wọn ò ráyè wọlé. Òun kọ́ ló yin tájútájú, ẹnikẹ́ni ò sì lè pè é lẹ́jọ́. Ó kà wọ́n sí ni.

Mo ti ń bá àwọn olórin wí láti òkè wá, ṣùgbọ́n mo ní èèyàn méjì ló ń ṣe ìpàdé. Ní 15 oṣù Kejìlá, 2022, Aṣakẹ́, ọmọ wa tó ń fi Yorùbá kọrin, ní eré ní O2 Academy ní Brixton, ní London. Ilé náà ò gbà tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn. Èrò tó kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà pọ̀ jọjọ, àwọn tí ò ní tíkẹ́ẹ̀tì wà lára wọn, ilẹ̀kùn ò dúró mọ́, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Eré dúró láàárín. Èèyàn méjì kú, ọ̀kan lára wọn jẹ́ ẹni tó wá ṣiṣẹ́ ààbò níbẹ̀. Ilé náà wà ní títì títí di oṣù Kẹrin, 2024. Mi ò ní gbé gbogbo ẹjọ́ náà ka orí èrò, ó níṣẹ́ tí àwọn onílé àti àwọn aláàbò ń gbowó fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, kí ló rò nípa ẹni tó wà níwájú rẹ̀? Kò kà á sí. Orin ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó gbàgbé pé èèyàn ló tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti lọ gbọ́ ọ. Ẹ ò rí i pé àrùn kan náà ni, ibi tó ti ń ṣeni ló yàtọ̀.

Ká má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ní kám̀pọ́ọ̀sì yìí, bí ọmọ tuntun kan bá gba máíkì, tí ohùn rẹ̀ gbọ̀n, kí la máa ń ṣe? Píọ́ wọ́tà á ti máa fò. Àwọn kan á ti fà á ya lẹ́nu kí wọ́n tó jù ú, kó lè tú sí i lára. Wọ́n ní òun ló já àwọn kulẹ̀. Àwọn yìí kan náà ni yóò tẹjú mọ́ fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, tí wọn ò ní gbe ègbè kan ṣoṣo, tí wọ́n á wá délé sọ pé eré náà tutù. Ta ni kó mú un gbóná? Ẹni tó ń lé ò lè gbe ara rẹ̀. Ọmọ tí a sọ píọ́ wọ́tà lù lónìí, bó bá di olórin ńlá lọ́la, tó wá ń tẹ síídì, ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ ọ pé ewu ni kéèyàn wo ojú èrò.

Nítorí náà, èrò tèmi nìyí lórí ọ̀rọ̀ tí a ń fà. Ẹni tó já wa kulẹ̀ ni ẹni tó gba owó ìpàdé, tí kò wá pàdé wa. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ká ní sùúrù. Bí orin tí a fẹ́ kọ́ bá lọ kọ, ká gbọ́ èyí tó kọ. Bí ohùn bá há, ká bá a gbè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ òru wa di èyí tí ò níye lórí, bí wọ́n bá tẹ ohùn tí ò létí fún wa, bí wọ́n bá dá wa dúró títí ilẹ̀ fi mọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, ká bèèrè owó wa, ká sì bèèrè rẹ̀ láìtijú. Gbèsè ni.

Ẹgbẹ́ wa náà fẹ́ ṣe alẹ́ ewì àti orin kí sáà ẹ̀kọ́ yìí tó parí. Ẹ jẹ́ ká kọ aago tó jẹ́ òótọ́ sórí ìwé ìpè. Ẹ jẹ́ ká parí kí ọkọ̀ tó tán lọ́nà, torí àwọn kan nínú wa ń padà sí Alápẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ka àga ká tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì gbọ̀n níwájú wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kó dá orin náà lé, kó tún dá a gbè.